Kí ló dé tí fọ́tò kéékèèké inú fódà JPEG mi fi ń pẹ́ kó tó yọ, tí ti NEF ò sì pẹ́?

OnífọtòÌdíApẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ń dà mí láàmú, mi ò sì mọ ibi tó ti ń wá. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe n'Íbàdàn ńbí, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, gbogbo ẹ̀ ni mò ń yà. Tí mo bá ti edit iṣẹ́ tán, àwọn oníbàárà máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wá ṣa èyí tó máa wọ álíbọ́ọ̀mù, màá ṣí fódà sílẹ̀, àwọn fọ́tò kéékèèké á tò sójú screen bí ẹyin inú kírétì, wọ́n á máa nàka sí i, "èyí, èyí náà, yọ ìyẹn, ẹnu mi là sílẹ̀ níbẹ̀." Bó ṣe yẹ kó máa rí nìyẹn.

Sátidé tó kọjá, ìyá ìyàwó kan wá, òun àtàwọn àbúrò ẹ̀ obìnrin méjì, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá torí ẹ̀. Fọ́tò 3,800 ló wà nínú fódà yẹn. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, eérú! Gbogbo ojú screen kàn di bọ́kìsì aláwọ̀ eérú, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti apá òsì lọ sápá ọ̀tún, ìlà kan á tán kí ìkejì tó bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ jẹ́léósinmi bá ń ka ABD. Màmá ní òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń gé kéèkì, mo scroll lọ sísàlẹ̀, eérú, mo dúró, eérú, àṣé kiní yẹn ṣì ń bá àwọn tòkè fà á, àwọn tí a ò wò mọ́. Mo ra míníràlì fún wọn, wọ́n mu ún tán, kéèkì ò tíì yọ. Èyí tó kéré jù nínú wọn wá bi mí pé ṣé kọ̀ǹpútà yìí ò tíì jẹun láti àárọ̀ ni, wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn rárá. Wọ́n ní àwọn á padà wá.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù nìyí. Orí hard drive kan náà ni NEF iṣẹ́ yẹn wà, ìyẹn fáìlì raw ti kámẹ́rà Nikon, bí kámẹ́rà ṣe yà á gan-an, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó MB 28. Tí mo bá ṣí fódà ìyẹn, wìì wìì wìì ni wọ́n ń yọ. JPEG tí mo ti edit ò ju bíi MB 12 lọ, òun ló wá ń wọ́ bí ìgbín. Èyí tó wúwo ń sáré, èyí tó fúyẹ́ ò lè dìde! Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Laptop mi ò burú o, i5 ni, Windows 10, SSD 256 ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ àwọn fọ́tò wà lórí hard drive tìta, 2TB. Wọ́n ní RAM ni, mo ti fi owó sí i láti 4 dé 16, ẹni tó tà á fún mi ní ṣe ni á máa fò. Kò fò o. Tí mo bá sì tún ṣí fódà kan náà lọ́jọ́ kejì, àtibẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló tún máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí.

Alátùn-únṣe:

Cache ló kún. Wọ Disk Cleanup, tick Thumbnails (àwọn fọ́tò kéékèèké yẹn nìyẹn), kó gbogbo ẹ̀ dànù, á yá. Tí ò bá yá, fọ Windows yẹn kó o tún un gbé sí i. Antivirus náà ń dá kún un o, gbogbo fáìlì tó o bá ṣí ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

ÀgbàKámẹ́rà:

Ẹ̀gbọ́n Alátùn-únṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ní kó fọ nǹkan kan. Ti antivirus yẹn, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ NEF náà ló ń yẹ̀ wò, NEF ò sì pẹ́, torí náà kì í ṣe òun ni baba ọ̀rọ̀.

Àwọn fọ́tò kéékèèké yẹn, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe wọ́n fúnra ẹ̀. Á ṣí fọ́tò ńlá, á sún un kì, á wá tọ́jú èyí tó sún kì yẹn síbì kan kó má baà tún iṣẹ́ yẹn ṣe lọ́la. Ibi tó ń tọ́jú ẹ̀ sí yẹn ni cache. Láyé Windows XP, inú fódà kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi í sí, fáìlì kan tó ń jẹ́ Thumbs.db, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀ á rántí, tó bá bá èèyàn wọnú flash, á rò pé vairọ́ọ̀sì ni. Àtìgbà Vista ni wọ́n ti kó o lọ sábẹ́ orúkọ ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà, nínú AppData, àwọn fáìlì tó ń jẹ́ thumbcache. Àwọn sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń wo fọ́tò náà sábà máa ń ní tiwọn lọ́tọ̀. Tó o bá wá kó o dànù, iṣẹ́ tó fi gbogbo àná ṣe lo kó dànù yẹn. Ó wúlò tí fọ́tò bá ń yọ dúdú tàbí tó ń gbé fọ́tò ẹlòmíì yọ, àmọ́ fún ẹni tó ń pariwo pé ó ń pẹ́, ṣe ló dà bíi kéèyàn lọ da omi inú dúrọ́ọ̀mù nù torí pé kànga jìn.

Àbúrò mi OnífọtòÌdíApẹ́, dá mi lóhùn ná. Nígbà tó o fẹ́ export àwọn JPEG yẹn, kí ni gbogbo nǹkan tó o tick? Wáyà wo ló so hard drive yẹn mọ́ laptop, ihò wo lo sì fi sí? Lẹ́tà hard drive yẹn ńkọ́, ṣé ojú kan ló wà, àbí ó ń jẹ́ E lónìí, G lọ́la?

OnífọtòÌdíApẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó. Níbi export, mo tick èyí tó ní kó yọ metadata kúrò, ọ̀rẹ́ mi kan ló ní ó máa ń jẹ́ kí fáìlì fúyẹ́. Mo tún tick progressive, torí wọ́n ní ó dáa fún íntánẹ́ẹ̀tì.

Ti wáyà, ẹ má bínú, ẹ má sì bú mi. Wáyà hard drive yẹn gangan ti já láti bí ọdún kan, èyí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó dà bíi pé méjì lẹ̀ mọ́ra. Wáyà tí mo fi ń ṣájì fóònù mi àtijọ́ ni mo gbìyànjú, ó wọlé, ó sì ṣiṣẹ́, ni mo bá ń lò ó lọ. Inú hub, ihò USB àfikún yẹn, ni mo fi í sí, òun àti mouse. Lẹ́tà ẹ̀ máa ń yí padà o, tí mo bá ti kọ́kọ́ fi flash oníbàárà sí i, òun á di F tàbí G.

Ẹ̀yin ará, NEPA ò sì sí lọ́jọ́ yẹn, bátìrì la fi ń ṣe gbogbo ẹ̀.

ÀgbàKámẹ́rà:

Hahaha! Wáyà fóònù! Mi ò ní bú ẹ, àmọ́ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán ná.

Ó dáa. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí NEF tó yà ẹ́ lẹ́nu, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Tí kámẹ́rà bá ya fọ́tò, kì í ṣe fọ́tò ńlá yẹn nìkan ló ń kọ sínú fáìlì. Ó máa ń ṣe kékeré kan pa mọ́ sí iwájú fáìlì, nínú Exif, ìyẹn apá metadata tí kámẹ́rà ń kọ àlàyé fọ́tò sí, 160 sí 120 ni ìwọ̀n ẹ̀, bíńtín báyìí, torí ẹyọ Exif yẹn tòun ti gbogbo ẹrù ẹ̀ ò lè ju KB 64 lọ nínú JPEG. NEF tiẹ̀ tún ní JPEG ńlá kan nínú ikùn yàtọ̀ síyẹn, òun lò ń rí lẹ́yìn kámẹ́rà tó o bá tẹ bọ́tìnì láti wo ohun tó o yà. Torí náà tí sọ́fítíwíà bá dé ìdí NEF, kò wulẹ̀ ní í ṣí MB 28, á kàn na ọwọ́ mú èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ó di òmíì. Ó dà bí àwọn aláṣọ ní Gbági, ṣé o ti rí i kí wọ́n tú odindi bẹ́ẹ̀lì torí pé o bi wọ́n pé àwọ̀ wo ló wà? Pélébé tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ni wọ́n á fà yọ.

Ìwọ wá lọ yọ metadata. Pélébé yẹn lo gé sọnù. Kò sì sí ohun tó dín nínú ìwúwo fáìlì, kí ni KB díẹ̀ nínú MB 12? Ní báyìí, tí sọ́fítíwíà bá dé ibẹ̀ tí ò bá nǹkan kan, ó di dandan kó ka fáìlì yẹn délẹ̀ kó sì tú u. Fọ́tò 6000 sí 4000, ojú (pixel) mílíọ̀nù 24 nìyẹn, tó bá tú u tán sínú mẹ́mọ́rì, báìtì mẹ́ta fún ojú kọ̀ọ̀kan, MB 72 ni. MB 72, torí nǹkan tí ò ju sítáǹbù lọ! Lẹ́yìn ìyẹn á dà á nù, ó tún di orí èyí tó kàn, ìgbà 3,800.

Àwọn sọ́fítíwíà tó gbọ́n máa ń ta ọgbọ́n kan níbí. Bí JPEG ṣe ń pa fọ́tò mọ́, ó máa ń gé e sí bọ́kìsì kéékèèké ni, ojú mẹ́jọ sí mẹ́jọ, á sì kọ àpapọ̀ àwọ̀ bọ́kìsì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó gbọ́n á mú àpapọ̀ yẹn nìkan, fọ́tò 6000 sí 4000 á di 750 sí 500 lẹ́sẹ̀ kan náà, ìyẹn sì pọ̀ jù fún thumbnail pàápàá. Èyí tí ò gbọ́n á tú gbogbo ẹ̀, á wá máa sún un kì. Progressive tó o tick yẹn wá dá kún un, torí fọ́tò yẹn ò sí lójú kan nínú fáìlì mọ́, ìpele ìpele ló wà, tí èèyàn bá fẹ́ tú u dáadáa, á ká gbogbo ìpele yẹn mọ́ra ná. Fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò yá, ó dáa, yóò kọ́kọ́ rí bàìbàì kó tó mọ́lẹ̀. Fún fódà oníbàárà, wàhálà lásán ni.

Wáyà fóònù wá kádìí ẹ̀. Hard drive yẹn USB 3 ni, ẹnu fífẹ̀ yẹn ló ń fi sáré. Wáyà fóònù máa wọ ibẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ apá USB 2 nìkan ló ń kàn, MB 30 sí 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lò ń rí, bí hard drive tìẹ tiẹ̀ lè ṣe ju 100 lọ. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. 3,800 lọ́nà 12, ó ń lọ bíi GB 45. Tó bá jẹ́ 35 ni wáyà yẹn ń gbé, kíkà nìkan á gba bí ìṣẹ́jú 22, kò tíì tú ẹyọ kan o. Nínú wáyà tó dáa, bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Tó bá wá jẹ́ pé KB 64 àkọ́kọ́ nìkan ló fẹ́ kà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ ò tó MB 250, ohun tó máa gbà á lákòókò ò ju bí abẹ́rẹ́ hard drive ṣe ń fò látorí fáìlì kan bọ́ sí èkejì lọ, bí ìṣẹ́jú kan gbogbo ẹ̀ á ti parí.

RAM tó o rà, kò burú, edit á máa dùn ún ṣe. Àmọ́ kì í ṣe RAM ló ń gbé omi wá, wáyà yẹn ni. Bátìrì náà, tí laptop bá ti wà lórí power saver, agbára ẹ̀ á dín kù, títú fọ́tò á tún pẹ́ sí i. Lẹ́tà tó ń yí padà yẹn, mo fẹ́ kí Pẹ́ńgúìnìỌ̀yọ́ sọ ọ́, mo mọ̀ pé ó wà níbí.

Pẹ́ńgúìnìỌ̀yọ́:

Mo wà ńbí ẹ̀gbọ́n, mò ń fọ abọ́ ni 😀

Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà, àdírẹ́sì fáìlì ni wọ́n fi ń dá thumbnail mọ̀. Lórí Linux tí mò ń lò, kò tiẹ̀ fi pa mọ́, gbogbo ẹ̀ wà nínú .cache/thumbnails, àwọn 128 wà nínú normal, àwọn 256 wà nínú large, orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ MD5, ìyẹn àmì tí wọ́n ṣírò jáde látinú àdírẹ́sì fọ́tò yẹn. Tó o bá ti yí lẹ́tà kan padà nínú àdírẹ́sì, MD5 á yàtọ̀ pátápátá, kò ní mọ̀ ẹ́ rí mọ́. Mo ti jẹ ìyà ẹ̀, mo lọ fi FINAL kún orúkọ fódà kan tó ní fọ́tò ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ó di pé kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Torí náà, tí hard drive yín bá jẹ́ E lánàá tó wá di G lónìí, lójú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà, àlejò ló dé. Ẹ wọ Disk Management, ẹ right-click hard drive yẹn, Change Drive Letter and Paths, ẹ fún un ní lẹ́tà tó jìnnà bíi P, kò sí flash tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ẹ̀gbọ́n ò sọ sí thumbnail inú Exif yẹn o. Ọ̀kan ni pé 160 sí 120 kéré, tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ lójú screen kí àwọn àgbà lè rí i, á máa ṣú. Inú settings sọ́fítíwíà tó bá dáa, ẹ̀ẹ́ rí ibi tẹ́ ẹ ti lè yàn, bí Adobe Bridge, ó ní Prefer Embedded fún ìyára, ó sì ní Always High Quality fún ẹni tó lè dúró. Ìkejì ni pé thumbnail yẹn lè purọ́. Mo bá àwọn kan ṣe fọ́tò ìdána, ọkùnrin kan dúró sẹ́yìn ìyàwó, tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n gé e kúrò, ẹ má bi mí léèrè ẹni tó jẹ́. Mo gé e, fọ́tò mọ́, mo fi ránṣẹ́ lórí flash. Sọ́fítíwíà tí mo fi gé e ò fọwọ́ kan èyí tó wà nínú Exif! Wọ́n ṣí fódà, nínú àwọn kéékèèké, arákùnrin wa ti dúró pa, tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kó di ńlá, ó pòórá. Ọkọ ìyàwó ló kọ́kọ́ rí i. Àtọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ExifTool lórí, sọ́fítíwíà tó ń ka metadata tó sì ń yí i padà. Ẹ tẹ

exiftool -ThumbnailImage DSC_0412.jpg

tó bá ní Binary data, ó wà níbẹ̀, tó bá dákẹ́, kò sí. Tẹ́ ẹ bá fi àmì = lé e láìkọ nǹkan kan tẹ̀ lé e, -ThumbnailImage= , ó ń yọ ọ́ kúrò. Ọ̀fẹ́ ni.

ÀgbàKámẹ́rà:

Ìyá ọ̀rọ̀! "Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó jẹ́."

Àbúrò, ṣe báyìí. Ra wáyà gidi, mú un kúrò nínú hub, fi sínú ihò USB 3 tó wà lára laptop, ó sábà máa ń láwọ̀ búlúù nínú. Má tíì export gbogbo ẹ̀, mú márùn-ún péré, fi metadata sílẹ̀, yọ progressive, kó o fi ExifTool wò ó bóyá thumbnail wà níbẹ̀. Tó bá wà, fi gbogbo 3,800 sí i lálẹ́ kó o lọ sùn. Nínú settings sọ́fítíwíà tó o fi ń wo fọ́tò, wo ìwọ̀n tí wọ́n fún cache, tó bá kéré, ó ń kún, á máa lé àwọn àtijọ́ jáde, ìyẹn náà lè fà á tó fi ń bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́. Jẹ́ kí cache yẹn wà lórí SSD inú laptop, má gbé e sórí hard drive tìta. Èyí tó o bá fẹ́ gbé sórí Facebook tàbí Instagram, ìyẹn lo lè yọ metadata ẹ̀, torí bí fóònù bá yà á, ibi tí èèyàn wà lè wà nínú ẹ̀.

Àwọn oníbàárà ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa ṣí fódà yẹn. Ìwọ ṣí i ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, scroll ẹ̀ délẹ̀, kó yọ tán, kó o tó tì í.

Alátùn-únṣe:

Mo gbà. Àmọ́ wáyà fóònù yẹn, èmi gan-an ń lò ó o, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́.

OnífọtòÌdíApẹ́:

Ẹ̀gbọ́n ÀgbàKámẹ́rà, Pẹ́ńgúìnìỌ̀yọ́, Olúwa á máa gbé yín lékè. Mo ti rí wáyà, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Mo kọ́kọ́ fi wáyà nìkan dán an wò láìtíì export nǹkan kan, ó sàn, kò sì tíì dáa, mo ka bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kí gbogbo ẹ̀ tó yọ, mo rò pé títú ló kù tó ń jẹ ẹ́ yẹn. Mo wá mú márùn-ún bẹ́ ẹ ṣe ní, ExifTool sọ pé Binary data, mo fi gbogbo ẹ̀ sí i lálẹ́ Mọ́ńdè, jẹnẹrétọ̀ ló bá mi parí ẹ̀. Hard drive ti ń jẹ́ P báyìí.

Àárọ̀ Túsìdeè mo ṣí fódà yẹn, mi ò tíì mu tíì tán tó ti kún. Mo scroll dé ibi kéèkì, kéèkì ń bẹ ńbẹ̀! Ó ṣú díẹ̀ tí mo bá fẹ̀ ẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á mọ́. Mo sì lọ wo gbogbo èyí tí mo ti gé èèyàn kúrò nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ arákùnrin yẹn ti kó sí mi lórí.

Wẹ́sìdeè, Màmá padà wá, àwọn mẹ́ta náà ni. Láàárín wákàtí kan wọ́n ti ṣa fọ́tò tán. 260 ni wọ́n ṣa. 80 la jọ fẹnu kò sí fún álíbọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n ní àwọn ò lè yọ ẹyọ kan nínú ẹ̀ nítorí pé gbogbo wọn ló dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni mọ sọ́fítíwíà tó ń bá èèyàn yanjú ìyẹn?